Láti Falomo dé Ayétòrò: ọjọ́ mẹ́fà lórí omi, ọ̀nà ìṣẹ́jú 40 lófurufú

Ọjọ́ kìíní. Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́ 2025. Falomo

Hẹlikọ́pítà AW139 tó bá gbéra ní Ìkẹjà lè dé òkè Ayétòrò ti Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Bí kìlómítà 170 ni, ẹ̀rọ náà sì ń sá tó 280 ní wákàtí kan. Orí omi làwa fẹ́ gbà: ọ̀sà Èkó, Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà Lẹ́kí, Ìwópin, Màkún-Omi, Igbókòdá, kí á tó já sétí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó bá ti fi ọdún gbọọrọ gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sórí òkun nínú hẹlikọ́pítà, tó tún wá di atukọ̀, mọ̀ pé ìbéèrè mẹ́rin kan náà ló ń bi ara rẹ̀ kó tó gbéra. Ẹrù ti pọ̀ tó? Epo tó? Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ibo la ti máa yí padà bí ọ̀nà ò bá gbà wá? Ìkẹrin yìí ló yẹ kéèyàn dáhùn lórí ilẹ̀, torí bí ọkàn bá ti wà lọ́nà, ó máa ń ṣòro láti gbà pé ó tó.

Ọkọ̀ wa jẹ́ fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 23, ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro méjì, agbára ẹṣin 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló wà nídìí rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ni wá. A gbé gbogbo wa àti àpò wa sórí ìwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbùdókọ̀ hẹlikọ́pítà: kílò 540. Epo lítà 200 jẹ́ nǹkan bíi kílò 150, torí lítà bẹntiróò kan kì í pé kílò kan. Omi mímu, ìdákọ̀ró àti irinṣẹ́, 60. Gbogbo rẹ̀ 750. Ibi tí ẹrù jókòó sí tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Wọ́n ti to kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ sídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, imú ọkọ̀ sì ti ń wo òkè kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. A kó márùn-ún wá sáàárín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti epo dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì púpọ̀ ti ń kú. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ń gba ìdajì lítà ọ́ìlì, ìyẹn ìpín kan nínú àádọ́ta. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ rà. Ọ́ìlì mọ́tò máa ń dì mọ́ púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á wá máa wúkọ́. Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú bíi lítà márùn-ún epo, ẹ mì í, kí ẹ tó kún un. Ẹni tó bá gbàgbé ọ́ìlì pátápátá, písítìnnì á gan mọ́nú ẹ́ńjìnnì. A fi àwọn kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ mọ́jú kí omi tó bá wà nínú wọn lè rì sísàlẹ̀, a ò sì ní da lítà tó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nídìí hẹlikọ́pítà, àràárọ̀ ni wọ́n ń fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò, wọ́n á gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó mọ́ gaara. Wọ́n tún ní ìwé róbótó kékeré kan tó ń kúrò ní yẹ́lò di àwọ̀ ewé bí omi bá fi wà nínú epo. Ẹni tó ń tukọ̀ ọ̀sà kò ní ìwé yẹn, àmọ́ ó ní òru kan àti ìgò funfun.

A ra epo ní ₦980 ní lítà kan.

Ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́gun. Falomo sí Ẹ̀pẹ́, bíi kìlómítà 70

Ọyẹ́ mú. A dúró títí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú kí ojú tó là dáadáa, a gba abẹ́ afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí bọ́ sójú ọ̀sà gbalasa. Afárá gígùn orí ọ̀sà, tí wọ́n parí ní 1990, wà lọ́wọ́ òsì wa nínú eruku ọyẹ́ bí ẹni fi ẹfun kọ ọ́.

Bí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gbéra, imú rẹ̀ á dìde, ìdí rẹ̀ á rì, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ìyára ò sì ní pọ̀. Ibẹ̀ ló ń gba agbára jù. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọkọ̀ á bọ́ sórí omi pẹrẹsẹ, ẹ sì lè dín iná ẹ́ńjìnnì kù. Hẹlikọ́pítà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá dúró sójú kan lófurufú ló ń jẹ agbára jù. Bí ó bá ti ń lọ síwájú, tí afẹ́fẹ́ tuntun tí kò tíì dàrú bá ń kan apá tó ń yí lórí rẹ̀, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹrù àpọ̀jù kì í fi í hàn nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì so mọ́ èbúté tàbí tí hẹlikọ́pítà bá ṣì wà nílẹ̀: ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra ló ń hàn. Bí ọkọ̀ yín bá lo ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó bọ́ sórí omi, ẹ padà lọ sọ nǹkan kalẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò lójú ọ̀sà Èkó ni páìpù àwọn tó ń wa yanrìn, tó léfòó bí ejò dúdú, àti igi gẹdú. Láti ọ̀nà Oǹdó àti Ògùn ni wọ́n ti ń so gẹdú pọ̀, tí ọkọ̀ á fà á gba ojú omi wá síbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Èkó. Tí ọ̀kan bá já kúrò nínú ìdì, kì í rì tán, kì í sì í léfòó tán. Ó máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ omi bí ìka mẹ́rin. Ẹni kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo omi lọ.

Ẹ sọdá láàárọ̀. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun á gbé ìgbì kúkúrú dìde tí yóò máa gbá abẹ́ fáíbà bí òòlù.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé Ẹ̀pẹ́. A fẹ́ so ọkọ̀ mọ́ ara kankéré èbúté, ìyá ẹlẹ́ja kan sì ké sí wa: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má so ó síbẹ̀ o. Ìgbì ọkọ̀ èrò á gbá a fọ́ mọ́ kankéré lójú yín." Ìyá náà fi òpó ilé ìsọ̀ tiwọn hàn wá, wọ́n sì ní kí ọmọkùnrin kan máa ṣọ́ ọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀. A ra ẹja lọ́wọ́ wọn: àrọ̀ tútù ńlá mẹ́ta ₦13,500, akàn agbọ̀n kékeré kan ₦4,000. Ẹ̀pẹ́, ẹja ń bákàn, òótọ́ ni. Ìlú yìí náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Ẹni tó bá wo ojú omi yìí á rí ìdí ẹ̀: ọ̀sà méjì ló ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté wá béèrè bí èèyàn ṣe ń di awakọ̀ hẹlikọ́pítà. Mo kọ ìdáhùn náà síbí fún ẹlòmíì tó bá ń ronú ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí dókítà ọkọ̀ òfurufú sì yẹ ojú, etí àti ọkàn yín wò, lọ́dọọdún sì ni. Ìwé àṣẹ ìṣòwò ń béèrè wákàtí 150 lófurufú, tàbí 100 bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ tẹ̀ lé ètò rẹ̀ dópin. Zaria ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà, láti 1964. Kí ẹ tó di ọ̀gá pátápátá nínú ọkọ̀ ńlá, wákàtí 1,000. Ẹni tó bá máa fò lórí òkun á tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó dojú dé sínú omi: ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mú, ọwọ́ kejì wà lórí bẹ́líìtì. Ẹ má tú bẹ́líìtì títí yíyí á fi dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́.

Ti ojú omi: Oron ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ mẹ́rin ló wà, ìyẹn bí a ṣe ń yè lójú omi, bí a ṣe ń pa iná, ìtọ́jú pàjáwìrì, àti ààbò ara ẹni pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, oṣù 12 lójú òkun lábẹ́ ètò ìkẹ́kọ̀ọ́, tàbí 36 láìsí i, kí wọ́n tó lè fún yín níwèé ọ̀gá ìṣọ́, ìyẹn ẹni tó ń darí ọkọ̀ ní sáà iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń ti òfurufú bọ́ sójú omi, torí òfin ò gbà kí ẹni tó bá ti kọjá ọdún 65 gbé èrò lófurufú gba owó mọ́. Ìmọ̀ tó wà lórí ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó jókòó sílé.

Ọjọ́ kẹta. Ọjọ́rú. Ẹ̀pẹ́ sí Ìwópin

Kò jìnnà, kò pé kìlómítà 30, àmọ́ odindi àárọ̀ ló gbà wá. Ewéko ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òjúoró àti òṣíbàtà, tí wọ́n ń lékè omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èyí kọ́ ni wọ́n. Èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ni, tí Òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tó gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1984. Iyọ̀ ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sà Èkó fi máa ń mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí omi òkun bá wọ inú rẹ̀, tí ọ̀sà Lẹ́kí tó jẹ́ omi tútù, ìyẹn omi tí kò níyọ̀, sì ń kún fún un. Atẹ́gùn ń tì í kiri. Ọ̀nà tó ṣí láàárọ̀ lè dí lọ́sàn-án, torí náà ẹ bi àwọn tó ń bọ̀ láti iwájú, ẹ má gbára lé àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí fóònù.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìwópin, fèrè ìkìlọ̀ ooru ẹ́ńjìnnì ọ̀tún dún. Omi tín-ín-rín tó máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dá. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kó bá yín dé iwájú díẹ̀. Ẹ yọ okùn pupa tó ń pa iná kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ṣí i. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Ẹ yọ ewéko tó dí ojú ihò omi nísàlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó lọ́ mọ́ pùròpẹ́là, ẹ sì wò bóyá fọ́nrán àwọ̀n apẹja wà lẹ́yìn pùròpẹ́là. Fọ́nrán yẹn burú ju ewéko lọ. Ó máa ń gé rọ́bà tó ń dá omi dúró, omi á wọ inú ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì á funfun bí mílíìkì. Bí ẹ bá ti mọ́ gbogbo rẹ̀ tí omi ò tíì tú jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rọ́bà tó ń fa omi nínú páńbù ló ti jẹ. Tiwa ti jẹ: ewé mẹ́ta nínú rẹ̀ ti ya. Pààrọ̀ rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ pẹ̀lú sípánà 10 àti 12, bí ẹ bá ní òmíì lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá ní, ibẹ̀ lẹ máa sùn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ má dúró dìgbà tó bá ya. Ẹ sì wá àwọn èyí tó já nínú páńbù jáde, torí wọ́n á lọ dí ọ̀nà omi lókè.

A sùn sílé àlejò kékeré kan, ₦7,000 yàrá kan. A jẹ ìkókoré pẹ̀lú ẹja yíyan. Ó dára púpọ̀.

Ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́bọ̀. Ìwópin sí Igbókòdá

Ọjọ́ yìí ló gùn jù. Kùrukùru bo omi láti òru. Aago mẹ́fà, a ò rí òpó tó wà ní ogún ẹsẹ̀. Aago méje, a rí i, a ò rí èyí tó tẹ̀ lé e. A ti pinnu lálẹ́ àná pé bí aago mẹ́wàá bá lù tí a ò rí ìdajì kìlómítà, Ìwópin la tún máa sùn. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 20 ló là. Àwọn èrò ti ń kùn, èyí kò sì yẹ kó yí ìpinnu padà. Ẹni tó ń gbé èrò lọ sórí òkun lófurufú náà ní ìwọ̀n tó kéré jù tí ojú gbọ́dọ̀ ríran dé. Ó ti wà nínú ìwé kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó máa pe fóònù.

Epo: a pín in sí mẹ́ta. Ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a ò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì 40 kan ń mu bíi lítà 13 ní wákàtí kan bí ẹ kò bá ṣí i dé òpin, ó sì lè dé 20 bí ẹ bá ṣí i tán. Hẹlikọ́pítà tó ń fi ojú rìn lójú ọjọ́ tó dára gbọ́dọ̀ ṣì ní epo ìṣẹ́jú 20 nínú nígbà tó bá balẹ̀. Lójú omi tí ẹ́ńjìnnì lè máa já ewéko fún wákàtí méjì, ìdá kan nínú mẹ́ta kò pọ̀ jù. A ra 50 sí i ní Màkún-Omi, ₦1,250 ní lítà kan. A sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun, omi sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, bíi ife kan.

Lẹ́yìn Màkún, ọ̀nà omi pín sí mẹ́ta, ewéko sì bo méjì. Bàbá apẹja kan nínú ọkọ̀ àjẹ̀ ló ṣáájú wa fún ohun tó tó wákàtí kan. Nígbà tí a na owó sí wọn, wọ́n ní: "Ẹ fowó yín pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọ́ìlì, ẹ bù fún mi, kò sí ojúlówó níbí." A fún wọn ní lítà kan. Ẹ mú ọ́ìlì dání ju ìwọ̀n tí ẹ rò lọ, ó wúlò ju owó lọ níhìn-ín.

Aago méjìlá ku díẹ̀, gẹdú. Ẹni tó wà níwájú kígbe, ó ti pẹ́. Ẹ́ńjìnnì òsì fò sókè, ó padà sílẹ̀, ó ń ké kíkankíkan, kò sì ti ọkọ̀ síwájú. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ọkọ̀ fẹ́ ṣe ni kó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Rárá. Ìdákọ̀ró ló kọ́kọ́ ń wọ omi. Omi yìí ń ṣàn, ọkọ̀ tí kò lẹ́ńjìnnì á ti wọ inú igbó ẹ̀gún kí ẹ tó rí púlọ́ọ̀gì. Ẹ tú okùn tó tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, kó lè fà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó sì di ilẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòkè. Bí gbogbo ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà bá kú, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ rẹ ọ̀pá tó ń gbé e ròkè sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, kí atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè máa yí apá rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀mí bá ti dúró ni wọ́n tó ń wádìí ohun tó kú.

Inú pùròpẹ́là ló bàjẹ́. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó so ó mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì ṣe é kó máa yọ̀ bí nǹkan bá gbá a, kí jíà má baà fọ́. Ó ti yọ̀ tán. Irú pùròpẹ́là bẹ́ẹ̀ ṣì lè ti ọkọ̀ bí ẹ kò bá ṣí iná púpọ̀, àmọ́ a ní ẹ́ńjìnnì kejì, a fi ìyẹn rọra lọ dé Atíjẹrẹ, a sì pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀: ẹ tọ́ pín-ìnnì tó dì í jáde, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yọ wáṣà, ẹ fa pùròpẹ́là. Wáṣà nípọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ níwájú jíà, ẹ má jẹ́ kó sọnù, ẹ sì má gbàgbé láti dá a padà. Gíríìsì sára ọ̀pá. Pín-ìnnì tuntun. Ẹ so garawa tàbí àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ sínú omi yìí kò sí ẹni tó máa rí i.

A gba Màhín kọjá, a wọ Igbókòdá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ alẹ́ wa ni púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbó, ₦1,500 àwo kan pẹ̀lú ẹja.

Ọjọ́ karùn-ún. Ẹtì. Ayétòrò

Wákàtí kan àti díẹ̀ láti Igbókòdá. Ọkọ̀ èrò wà fún ẹni tí kò bá ní tirẹ̀, ₦2,500 ni wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ náà. Ẹ béèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì dè é títí kan okùn abẹ́ itan. Èyí tí ẹ fi ṣe tìmùtìmù kò ní wá yín rí nínú omi.

Òṣùpá àrànmọ́jú ti Ajé ni, òkun sì máa ń ga jù ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣì ga lónìí. Ìlú tí àwọn àpọ́sítélì dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá kan mú wa dé etí omi, wọ́n nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́: "Òpópónà wà níbẹ̀ yẹn. Ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀." Òpó igi mélòó kan ṣì dúró nínú omi. Ó dun ni.

Bí a ṣe dúró níbẹ̀, hẹlikọ́pítà kan kọjá lọ sójú òkun. Àwọn ọmọdé ò tiẹ̀ gbójú sókè. Fún ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan: ẹ gba iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ níbi tí awakọ̀ ti lè rí yín, ẹ má gba ẹ̀yìn láéláé, abẹ́bẹ̀ ìrù kì í hàn lójú bó bá ń yí. Fìlà lọ́wọ́. Ẹ má fẹ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ bó bá tiẹ̀ bọ́ sómi, ó di ìgbà tí ẹ bá jáde, torí èyí tó bá ti wú á gbé yín mọ́ òrùlé, ẹ ò sì ní lè rì dé ojú fèrèsé. Ohun kan náà ni nínú bóòtù tó ní òrùlé.

A ò jáde sójú òkun. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 23 tó dára lọ́sà kì í ṣe ọkọ̀ tí ń la ìgbì ẹnu odò kọjá, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Falomo pé ibí la ti máa yí padà.

Ọjọ́ kẹfà. Àbámẹ́ta. Igbókòdá

Iyọ̀ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ní Ayétòrò, omi tútù ibẹ̀ sì wọ́n, kò tọ́ kí á fi fọ ẹ́ńjìnnì. A padà sí Igbókòdá, a yá dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé orí rẹ̀, a bu omi kànga kún un, ₦200 garawa kan. Ẹ ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ inú rẹ̀ títí omi á fi bo ihò ìsàlẹ̀, ẹ má fi í sí jíà, ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn tó ń tọ́jú hẹlikọ́pítà òkun náà ń fi omi tútù ṣan inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, torí iyọ̀ tó bá sùn mọ́ irin kì í jí kúrò.

Ẹ́ńjìnnì òsì la kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, ọmọ ọkọ̀ na ìka sí omi tó ń tú jáde, ó tọ́ ọ wò, ó ní kò níyọ̀ mọ́. A pa á.